Òdòdó Róòsì Nínú Àmì Ọba: Ìdí Tí Ọnà Kan Fi Pẹ́ Ju Ìdílé Tí Ó Ni Ín Lọ

Ó ṣòro láti wọ ilé kan ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ kí a má rí òdòdó róòsì níbẹ̀. Ó wà ní ìdí abọ́ tánńganran tí àwọn ìyá wa fi ń di ẹrù ìyàwó. Ó wà lára aṣọ orí tábìlì, lára aṣọ ibùsùn, lára káàdì ìgbéyàwó, àti nínú òdòdó oníke tí a fi ń ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Síbẹ̀, òdòdó yìí kì í ṣe ọmọ igbó wa. A kò gbọ́ ọ nínú oríkì àwọn ọba wa. Orúkọ tí a fi ń pè é gan-an, ọwọ́ Òyìnbó ni a ti gbà á.

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ni ó kan ẹgbẹ́ wa, tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà àti oyè ọba, nínú òdòdó orí abọ́? Ó kàn wá gidigidi. Díẹ̀ nínú àwọn ọnà tí ayé ń lò lónìí ni ó ní ìtàn oyè tó ti róòsì. Ìdílé ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di àmì ìjọba rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn. Ìdílé náà ti kúrò lórí ìtẹ́ tipẹ́tipẹ́, àmì rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀. Bí a bá mọ ìdí rẹ̀, a ó lè fi ojú tí ó mọ́ wo àwọn àmì tiwa náà.

Kí ó tó di ti ọba

Róòsì inú igbó, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ewé òdòdó márùn-ún péré ni ó ní. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ni wọ́n tọ́ ọ láti ìran dé ìran títí tí ewé rẹ̀ fi di púpọ̀, tí ó ṣù jọ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ewé márùn-ún ìṣáájú yẹn ni ó ṣe àǹfààní fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Bí agbẹ́kùúta bá fi kọ́ńpáàsì fa ìlà róbótó kan, tí ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òdòdó náà. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìgbà àtijọ́, níbi tí àwọn ìgbátí òkúta ti pàdé lábẹ́ òrùlé, a máa ń nílò ohun róbótó kan láti fi bo ojú oríkèé wọn. Róòsì bá ibẹ̀ mu pátápátá. Kò ní apá òsì tàbí apá ọ̀tún. Ibikíbi tí ènìyàn bá dúró sí, ojú kan náà ni yóò rí.

Ẹ̀sìn náà ràn án lọ́wọ́. Àwọn Kátólíìkì fi róòsì wé Màríà Wúńdíá. Ọ̀rọ̀ Látìn tí a ti mú orúkọ rosaire jáde, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà róòsì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn fèrèsé róbótó ńlá onígíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí ó wà ní Notre-Dame ti Paris, róòsì ni àwọn Faransé ń pè wọ́n. Mẹ́ta ni wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì yọ nínú iná ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Páṣíà pẹ̀lú, òdòdó yìí ní iyì. Ní ọdún 1258 ni akéwì Saadi parí ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Gulistan, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbà róòsì. Mọ́sálásí Nasir al-Mulk ní ìlú Shiraz, tí a kọ́ láàárín ọdún 1876 sí 1888, kún fún àwo ògiri tí a ya róòsì aláwọ̀ osùn sí. Nítorí náà, kí ọba kankan tó gbé e sórí àsíá, róòsì ti ní ilé lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ púpọ̀.

Ogun ìdílé méjì

Ìtàn tí a kọ́ wa nílé ìwé ni pé ìdílé York àti ìdílé Lancaster jà sí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé York gbé róòsì funfun, Lancaster gbé pupa, ìdí nìyí tí a fi pe ogun náà ní Ogun àwọn Róòsì. Ogun náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú St Albans ní ọdún 1455, ìjà tí ó kẹ́yìn rẹ̀ sì wáyé ní Stoke ní ọdún 1487. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn àwọn òdòdó náà kò rọrùn tó bí a ti sọ ọ́.

Ìdílé York lo róòsì funfun ní tòótọ́. Ọba Edward Kẹrin fẹ́ràn rẹ̀, a sì máa gbé e sí àárín oòrùn tí ń ràn. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni àmì wọn: ẹlẹ́dẹ̀ igbó funfun ni Richard Kẹta, arákùnrin rẹ̀, fi ṣe àmì tirẹ̀. Ní ti ìdílé Lancaster, róòsì pupa kò gbajúmọ̀ láàárín wọn ní gbogbo ìgbà tí ogun náà gbóná. Kódà orúkọ náà, Ogun àwọn Róòsì, kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé Walter Scott lò ó nínú ìtàn àròsọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1829.

Ta ni ó wá gbé róòsì pupa jáde? Ọkùnrin kan tí ó nílò rẹ̀ ni. Henry Tudor kò ní ẹ̀tọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí ìtẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Margaret Beaufort, ni ó ti bá ìdílé Lancaster tan. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó fi sá kiri ní ilẹ̀ Brittany àti ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1485 ni ó sọdá òkun pẹ̀lú àwọn jagunjagun Faransé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ó ṣẹ́gun Richard Kẹta ní Bosworth, Richard sì kú sójú ogun. Henry di Ọba Henry Keje.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ oyè mọ̀ pé agbára nìkan kì í mú ọba pẹ́ lórí ìtẹ́. Ọba tí ó fi idà wọlé gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò mú kí àwọn tí ó ṣẹ́gun lè gbà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1486, Henry gbé Elizabeth ti York níyàwó, ẹni tí í ṣe ọmọ Ọba Edward Kẹrin. Ìgbà náà ni róòsì pupa wá wúlò gidi, nítorí bí York bá ní òdòdó funfun, Lancaster náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan tí a ó fi pàdé rẹ̀. Wọ́n fi òdòdó méjèèjì sínú ara wọn: pupa lẹ́yìn, funfun láàárín. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àrokò nìyí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá rí i mọ ohun tí a rán sí i: ìjà ti parí, ilé méjì ti di ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n fi òdòdó ẹni tí a ṣẹ́gun sí. Wọn kò jù ú nù, wọn kò sì fi í sí abẹ́ ẹsẹ̀. Àárín gbùngbùn ni wọ́n gbé e sí. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹwà àmì náà tàn wá jẹ. Edward, Earl ti Warwick, ọmọ ìdílé York tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí Henry jọba, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ní ọdún 1499 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Àmì náà ń kéde ìrẹ́pọ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ York. Ìlérí ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gbogbo ènìyàn

Ní Cambridge, ilé àdúrà King's College fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Henry Kẹfà, ọba Lancaster, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1446. Olùfọkànsìn ni, ó sì fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe kó ọ̀ṣọ́ gbígbẹ́ jọ sára rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ogun dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí àwọn Tudor wá gbà á ṣe, tí òrùlé rẹ̀ sì parí ní ọdún 1515, apá ìwọ̀-oòrùn ilé náà ti kún fún róòsì òkúta tí adé wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú dírágónì àti ajá ọdẹ. Ẹni tí ó bá rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì yóò rí i pé òkúta ìlà-oòrùn ń gbàdúrà, òkúta ìwọ̀-oòrùn sì ń ki ọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Westminster, níbi tí Henry Keje ti bẹ̀rẹ̀ ilé àdúrà tuntun ní ọdún 1503, tí a sì sin ín sí. Ní Winchester, tábìlì róbótó ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní ọ̀rúndún kẹtàlá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi Ọba Arthur inú ìtàn pè. Henry Kejọ ni ó ní kí wọ́n kùn ún, wọ́n sì ya róòsì Tudor sí àárín rẹ̀. Ní ọdún 1522, ó fi í han Charles Karùn-ún, olú-ọba tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wò ó bí wọ́n ti mú àmì tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí wọ́n gbé e lé ìtàn tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láti ọdún 1526 ni róòsì pẹ̀lú ti wà lórí owó wúrà tí wọ́n ń pè ní adé róòsì.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn wà. Wọn kò fi àmì náà pamọ́ sí ààfin. Òkúta ní in, owó ní in, aṣọ ìránṣẹ́ ọba ní in, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó má sì jẹ̀bi, torí pé òdòdó ni, ẹnikẹ́ni sì lè ní òdòdó. Nígbà tí Elizabeth Kìíní kú ní ọdún 1603 láìbímọ, ìran Tudor parí lórí ìtẹ́. Ọba James tí ó ti Scotland wá kò pa róòsì náà rẹ́. Ó fi òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ tirẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1871, nígbà tí England kọ́kọ́ bá Scotland gbá rọ́gíbì, róòsì pupa ni àwọn ọmọ England fi sáyà. Ní ọdún 1982, nígbà tí wọ́n ṣe owó ẹyọ 20 pẹ́ńsì jáde, róòsì Tudor pẹ̀lú adé lórí ni wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti ọwọ́ ọba sí ọwọ́ ìyàwó ilé

Ilẹ̀ Faransé ni ó la ọ̀nà mìíràn fún òdòdó náà. Joséphine, ìyàwó Napoléon, ra ilé Malmaison ní ọdún 1799, ó sì kó oríṣiríṣi róòsì jọ sí ọgbà rẹ̀. Ayàwòrán Pierre-Joseph Redouté, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ayaba Marie-Antoinette tẹ́lẹ̀, bá Joséphine náà ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 1817 sí 1824, lẹ́yìn tí Joséphine ti kú, Redouté tẹ ìwé rẹ̀ Les Roses jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Àwọn àwòrán náà péye tó bẹ́ẹ̀ tí onímọ̀ ewéko fi lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú wọn, wọ́n sì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń dà wọ́n kọ sára àwo àti aṣọ títí di òní.

Ẹ̀rọ sì dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mọ bí a ti ń tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ sórí ìwé pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì ṣí i kúrò lórí ìwé lẹ̀ mọ́ àwo. Ohun tí ayàwòrán ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe di ohun tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ Royal Albert gbé àwo tíì kan jáde tí ó pè ní Old Country Roses. Iye tí wọ́n sọ pé wọ́n ti tà nínú rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù ẹyọ. Irú ọgbọ́n ìtẹ̀wé yìí kan náà ni ó gbé róòsì wọ inú abọ́ tánńganran tí ó kún ọjà wa. Ìyá tí ń ra abọ́ náà fún ọmọ rẹ̀ kò ro ti Henry, kò ro ti York. Ìfẹ́ àti ọ̀ṣọ́ ni ó rí níbẹ̀.

Òdòdó náà kò sì fi ọ̀ràn ìjọba sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Sosialísíìtì ilẹ̀ Faransé mú un ṣe àmì: ọwọ́ tí ó di róòsì mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ni kò ní gbàgbé ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1981, tí François Mitterrand wọ Panthéon lọ pẹ̀lú róòsì pupa lọ́wọ́, tí ó sì fi lé ibojì Jean Jaurès, Jean Moulin àti Victor Schœlcher. Schœlcher ni ó jìjàkadì fún òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1848. Àmì tí ọba kan fi dá ara rẹ̀ láre ti di ohun tí a fi ń bu ọlá fún ẹni tí ó tú ẹrú sílẹ̀.

Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú mú òdòdó wọlé lọ́nà tiwọn. Àwọn bíríkìlà wọn ló mọ bí a ti ń fi símẹ́ǹtì mọ òdòdó àti ewé sókè ìlẹ̀kùn àti fèrèsé. Ilé wọn tí ó kù títí di òní jẹ́rìí sí i. Kì í ṣe gbogbo òdòdó ara wọn ni róòsì, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ojú wa láti máa retí òdòdó lára ilé ẹni iyì.

Ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá

Kí ni ìdí tí róòsì fi pẹ́? Mo rí mẹ́ta. Ó rọrùn láti yà. Ó gba ẹni tí a ṣẹ́gun mọ́ra, ó kéré tán lójú. Àwọn tí wọ́n ni ín sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda yẹn ní owó tirẹ̀ tí a ń san: ohun tí ó bá wà níbi gbogbo, díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbàgbé ohun tí ó ń sọ.

A ní àpẹẹrẹ nítòsí. Ní Abomey, àwọn aránṣọ ọba nìkan ló ní àṣẹ láti gé kìnnìún Glèlè tàbí ẹfọ̀n Ghezo lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lónìí, a ń tà wọ́n fún àlejò lára àpò àti ìrọ̀rí. Ìkòkò oníhò ti Ghezo, èyí tí ó ní kí olúkúlùkù fi ìka rẹ̀ dí ihò kan kí omi má bàa dànù, ti di àmì ìṣọ̀kan gbogbo orílẹ̀-èdè Benin. Àmì rere ni. Síbẹ̀, ọmọ Kétu kò lè wò ó láìrántí pé ogun Glèlè, ọmọ Ghezo, ni ó fọ́ Kétu ní ọdún 1886, tí a sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. A pè wá pé kí a fi ìka wa dí ihò ìkòkò. A kò bi wá léèrè nígbà tí a ń mọ ọ́n. Nínú róòsì Tudor, bí ó ti wù kí ìlérí rẹ̀ ṣẹ́lẹ̀ tó, ẹni tí ó wá láti York lè nawọ́ sí àárín kí ó sọ pé, «Tiwa nìyí.» Níbo ni a ó nawọ́ sí nínú àwọn àmì tí orílẹ̀-èdè wa ń lò?

N kò sọ èyí láti tún ìjà àtijọ́ dá. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n jà nígbà náà ti ń fẹ́ ara wọn báyìí, ilé ìwé kan náà ni a ti jókòó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mú ohun tiwa wá sórí tábìlì kí a tó ráhùn pé kò sí níbẹ̀. Kétu ní Àkábà Ìdènà. Ẹnubodè yẹn ni gbogbo ìlú fi ń gba àlejò, òun náà ni wọ́n fi ń dènà ọ̀tá. Ọmọ ilé ìwé kan lè yà á láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo gbà pé ó lè jáde bí róòsì ti jáde, sára aṣọ ọdún, sára ìwé ẹ̀rí, sára ògiri ilé ìwé. Ṣùgbọ́n adé ìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ orí rẹ̀, èmi kò ní fọwọ́ sí i pé kí a tẹ̀ ẹ́ sára ife àti fìlà. Agbára adé wà nínú pé a kì í rí i lójoojúmọ́, àti pé ẹni tí ó dé e nìkan ni ó ń dé e.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa tó pinnu àwòrán tí yóò wà lára aṣọ ọdún tí ń bọ̀, mo dá a lábàá pé kí a kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà ààfin ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́. Kí a béèrè lọ́wọ́ wọn èwo ni a lè fi fún gbogbo ènìyàn àti èwo ni kò gbọdọ̀ kúrò ní ààfin, kí a sì kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì lè ka róòsì wọn lónìí nítorí pé ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń mu tíì nínú àwo náà kò bìkítà. Àwọn tí ó lè ka tiwa fún wa ti dàgbà, wọn kò sì pọ̀ mọ́.